Iṣan Èjìká àti Apá

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìkirè. Kí ni ó ń gbé ọmọ odó sókè? Iṣan ńlá kan ni, tí ó dé èjìká bí fìlà. Iṣan iwájú apá, olórí méjì, ni ó ń ká ìgbọ̀nwọ́. Bí ọmọ odó bá ń bọ̀ wálẹ̀, iṣan ẹ̀yìn apá, olórí mẹ́ta, a na ìgbọ̀nwọ́. Ti àyà àti ti ẹ̀yìn a fa apá wálẹ̀. Abájọ tí igbá àyà fi ń ro ẹni tí kò gúnyán rí! Iṣan kì í ti nǹkan, fífà nìkan ni ó mọ̀; bí ọ̀kan bá ká apá, òmíràn ni yóò nà án.

Mẹ́rin kéékèèké tún wà nísàlẹ̀ tí ojú kò rí. Orí eegun apá tóbi, ihò tí ó jókòó sí kò jìn. Àwọn mẹ́rin yìí ni ó dì í mú. Bí àgbẹ̀ bá yọ̀ ṣubú nínú oko kòkó ní Àpòmù, tí ó sì fi ọwọ́ tilẹ̀, èjìká lè yẹ̀. Òun ni ó máa ń yẹ̀ jù nínú àwọn oríkèé ńlá ara. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tipátipá. Okùn ìmọ̀lára kan yí ọrùn eegun náà ká. Bí ó bá bàjẹ́, iṣan bíi fìlà yẹn lè rọ. Ẹ fi ìborùn gbé apá náà kọ́ ọrùn, kí ẹ sì tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn.