Bí A Ó Ti Mú Èsì Ìwádìí Yé Àwọn Ènìyàn
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Araromi-Obu)

Àwọn baba wa ní, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èsì ìwádìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ kì í di odidi. Ìjà ni ó ń dà.

Ẹ wo ilẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Ghana nísisìyí. Ní 1936 ni a rí àrùn kan níbẹ̀ tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí ó sì ń pa igi. Ní 1940, Ọ̀gbẹ́ni Posnette fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á; lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé kòkòrò kékeré funfun tí ń mu omi igi ni ó ń gbé e kiri. Kò sí oògùn. Àfi kí a gé igi tí ó ní in. Ṣùgbọ́n igi tí ó ṣì ń so ni àgbẹ̀ rí, àwọn agégi sì wọ oko rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní oṣù kejì ọdún 1948, Ìgbìmọ̀ Watson ka gígé kòkó mọ́ ohun tí ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ní ọdún kan náà ni àwọn amòye mẹ́ta láti òkèèrè yẹ ọ̀ràn náà wò, tí wọ́n sì ní gígé ni ọ̀nà rẹ̀. Ìmọ̀ jàre, síbẹ̀ kò rí ọkàn àgbẹ̀ gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó máa jíṣẹ́ ìmọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ wa:

Èkíní, ẹ fi òpin ọ̀rọ̀ ṣáájú: ohun tí a rí, àti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí a ti ṣe ìwádìí náà lè tẹ̀lé e.

Èkejì, ẹ fi ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ ka iye: igi mélòó nínú mẹ́wàá, àpò mélòó lọ́dún.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú wọn dé ìdí igi tí ó ti kú, lẹ́yìn náà ìdí èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ wú tí ó ṣì ń so. Kí ojú wọn ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi àdánù wọn pamọ́, ẹ má sì pe iyèméjì ní ìdánilójú.

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè, kí àgbà kan sì fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Bí ó bá sọ ọ́ tí ó gún, iṣẹ́ ti jẹ́. Bí kò bá gún, ẹ tún un sọ, kí àdá tó kan igi.