Ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Wa àti Ẹ̀rọ Tí Ń Dáhùn Ìbéèrè
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Nígbà tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ̀rọ ìgbàlódé lè ṣe fún wa, àwọn kan ti rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni n óò sọ nítorí iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé wá.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò. Ó ti kúrò nílé láti kékeré. Kò fẹ́ jí ìyá rẹ̀ lóru, ni ó bá bi ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ inú fóònù rẹ̀, irú èyí tí gbogbo ayé ti ń lò láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ẹ̀rọ náà dáhùn kíá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dán bí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò. Ó ní kí ó ra iṣu. Kò dárúkọ ewùrà rárá. Ọmọ náà ra iṣu funfun, ó rin ín, ó dà á sínú omi ata, ó sì ń rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ro ọkà. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ dé, ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Àṣáró tí kò mọ ilé baba rẹ̀ ni èyí."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi kò pẹ́. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òun nìkan ni ó kù nínú ilé wa tí ó mọ bí ìyá wa ti ń sè é, a kò sì kọ ọ́ sí ibì kankan.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe òpùrọ́. Láti inú ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé tí a ti fi kọ́ ọ ni ó ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Níbi tí ìwé bá ti ṣọ̀wọ́n, yóò fi àbá dí àlàfo. Orúkọ kan náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì sábà máa ń fi pe iṣu àti ewùrà. Ọmọ ilé ìwé tí kò ní ìwé lọ́wọ́, tí olùkọ́ sì ní dandan ni kí ó dáhùn, ohun tí ó bá bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò sọ.

Nítorí náà ìwé ni a kọ́kọ́ kọ. Ní àkókò ìsinmi Àjíǹde, mo jókòó sí ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti pẹ́ńsù. Bí ó bá na ọwọ́ sí iyọ̀, n óò ní kí ó kọ́kọ́ bù ú sínú ṣíbí mi. Inú bí i. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní oúnjẹ sísè ni?" Ṣùgbọ́n a rí i kọ: ewùrà kílò kan, epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, ata, edé, ẹja gbígbẹ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò ní òǹkà: pé kí á máa fi ọwọ́ já ewùrà rírin náà díẹ̀díẹ̀ sínú omi ata tí ń hó, kí á dé e, kí á má sì fi ọwọ́ kàn án títí yóò fi dì.

Áàpù tí a kó gbogbo rẹ̀ sí ni Mealie. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà ara ẹni ni a sì lè gbé e kà. Ó ń ya orúkọ oúnjẹ, èròjà, ìwọ̀n àti ìgbésẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé ọmọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kọ̀ǹpútà náà wà, nítorí iná. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Báwo wá ni ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ ṣe ń ka ìwé yìí? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà kan jáde fún gbogbo ayé, tí wọ́n pè ní Model Context Protocol. Ètò kékeré kan dúró láàrin áàpù àti ẹ̀rọ bí ògbufọ̀ ní kóòtù. Òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé, "Àwọn iṣẹ́ tí o lè rán mi nìyí: wá oúnjẹ, ka àkọsílẹ̀, kọ tuntun, tún ti àtijọ́ ṣe." Áàpù náà a máa fúnni ní ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn kan, èyí tí í ṣe kọ́kọ́rọ́, ògbufọ̀ yóò fi í hàn kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Láti ìgbà náà, bí ọmọ wa bá béèrè ìkọ́kọrẹ́ ènìyàn méjìlá, inú ìwé ìyá rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń lọ. Ewùrà ni ó ń dárúkọ. Ó tún ń ṣírò ohun tí yóò rà lọ́jà. (Iyọ̀ ìṣirò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tọ́ ọ wò.)

Kò pẹ́ tí wàhálà dé. Àlejò kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń bọ̀, ọmọ náà sì ní kí ẹ̀rọ dín iyọ̀ àti epo kù. Inú ìwé gan-an ni ẹ̀rọ náà wọ̀: ó pa epo pupa rẹ́, ó fi òróró sí i, ó sì gé iyọ̀ sí ìdajì. Kò béèrè, nítorí ọmọ náà ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ó máa ṣe é láìbéèrè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, gbólóhùn kan ni ó sọ: "Ta ni ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí mi?"

Ọpẹ́ ni pé a ti ṣe ẹ̀dà ìwé náà pamọ́, a sì dá a padà. Nísinsìnyí a ti pa iṣẹ́ kíkọ àti títúnṣe. Wíwá àti kíkà nìkan ni a fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ oúnjẹ aláìsàn, ọwọ́ ènìyàn ni yóò kọ ọ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. A kò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí orí WhatsApp ẹbí, nítorí ohun tí olówó ilé lè ṣe ni ẹni tí ó bá rí i lè ṣe. Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: ohun tí ẹ̀rọ bá kà, ó ti dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ. Ìyá tí ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òwò rẹ̀ lè kọ̀, a kò sì gbọdọ̀ bá a jà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí Ẹgbẹ́ ni pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ oúnjẹ àwọn ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀nà ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀nà yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo àwọn ìyá wa. Ní ti kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀wé, mo dábàá pé kí ẹ̀ka àwọn obìnrin dì í mú, kì í ṣe èmi, kì í sì ṣe Akọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà pé ẹ̀bìrìpò ni ó kàn. Ó ní kí n wá ní Sátidé, kí n mú kókò tèmi lọ́wọ́, kí n sì gbé òṣùwọ̀n mi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títí òun yóò fi sè é lẹ́ẹ̀kan ná.