Dígí Apá Èrò Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ dígí kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń wakọ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wọkọ̀ náà tẹ́tí sí i. Ẹ̀mí àwọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Awakọ̀ ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn tirẹ̀. Dígí ló ń bá a rí i. Ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí máa ń ní mẹ́ta: ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan lápá awakọ̀, ọ̀kan lápá èrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá. Ẹ wo Peugeot 404. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ju dígí ẹ̀gbẹ́ kan lọ, lápá awakọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n, ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì bí ó ti pọ̀ lónìí.

Ọ̀tún àti òsì

Àwa ará Yewa mọ ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí dáadáa, nítorí ẹnu ibodè la wà. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà nílẹ̀ wa. Ní Dàhòmì, tó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ọkọ̀ tó bá ti Ìlarò gba Ìdí-Ìrókò lọ sí Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní ibodè. Ó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, kí Nàìjíríà tó yí sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, apá kan náà ni àwa àti wọn ń gbà.

Kí ni ìtàn yìí ní í ṣe pẹ̀lú dígí? Ohun tó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ nìyí. Oríṣi ọkọ̀ àtijọ́ méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà apá òsì, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Èyí tó dé lẹ́yìn náà, irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, apá òsì ni sítíárìn rẹ̀ wà. Kí ẹ tó ra dígí, ẹ wo ibi tí sítíárìn wà. Òdìkejì rẹ̀ ni apá èrò.

Bí sítíárìn bá wà lápá òsì, apá èrò ló kọjú sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni èrò ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ń yọ́ gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ọmọ iléèwé ń rìn, àti ìyá tó ru gàrí lọ sọ́jà. Awakọ̀ tó bá yà sẹ́bàá ọ̀nà láti já èrò, tí kò rí ẹ̀yìn apá ibẹ̀, lè gbá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí èrò bá sì ṣí ilẹ̀kùn lójijì, ọlọ́kadà lè kọlù ú.

Bí sítíárìn bá wà lápá ọ̀tún, apá èrò ló kọjú sí àárín títì. Awakọ̀ fẹ́ yọ síta láti ya ẹlòmíràn sílẹ̀, kò rí tírélà tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìbèsè mọ bí tírélà ti pọ̀ tó láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá ti ṣí níbẹ̀ ní 2012. Irú ọkọ̀ báyìí kò gbọdọ̀ jáde láìní dígí apá èrò.

Dígí tó wúlò, dígí ẹ̀ṣọ́

Ẹlòmíràn ti fi dígí sí i, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti ojú ọ̀run lọ. Dígí ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Ohun mẹ́ta ló ń fà á.

Èkíní, dígí náà kò lè yí tó. Apá èrò jìnnà sí awakọ̀, nítorí náà dígí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yíjú sínú ju ti apá awakọ̀ lọ. Ẹ béèrè ti apá èrò gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì. Ẹ yí i wò lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó.

Èkejì, a kàn án síbi tí kò yẹ. Bí ó bá ti rọ́ sẹ́yìn jù, irin ojú fèrèsé tàbí orí èrò iwájú á dí i.

Ẹ̀kẹta ni irú dígí. Dígí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ń fi nǹkan hàn bí ó ti tóbi, ṣùgbọ́n ibi díẹ̀ ló ń fi hàn. Èyí tó yọ ikùn síta díẹ̀ ń fi ibi púpọ̀ hàn, òun ló sì dára fún apá èrò. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí nǹkan kéré, kí ó sì dà bí ẹni pé ó jìnnà. Ọ̀pọ̀ irú dígí bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì lójú. Ohun tó ń wí ni pé, ohun tí ẹ rí nínú dígí yìí sún mọ́ yín ju bí ó ti dà lójú yín lọ. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkà ń gba ẹ̀mí là!

Bí a ṣe ń kàn án

1. Ẹ má tíì lu ihò. Kí awakọ̀ jókòó bí ìgbà tó ń wakọ̀, kí èrò kan jókòó níwájú. Kí ẹlòmíràn di dígí mú mọ́ ara ilẹ̀kùn níta, kí ó máa sún un síwájú, sẹ́yìn. Ibi tí awakọ̀ bá ti rí ojú títì lẹ́yìn àti díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, láìna ọrùn, ibẹ̀ ni kí ẹ sàmì sí.

2. Ẹ yí fèrèsé wálẹ̀ pátápátá. Ẹ wo inú ilẹ̀kùn dáadáa, kí bóòtù má baà fọ́ gíláàsì.

3. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú àmì náà, kí ọ̀dà má baà bó. Ẹ lu ihò kékeré ná, kí ẹ tó fẹ̀ ẹ́.

4. Ẹ fi ọ̀dà kun etí ihò, kí ó má baà dípẹtà. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ dígí. Ẹ fi wáṣà fífẹ̀ sínú, nítorí páànù ilẹ̀kùn kò nípọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dè é le.

5. Ẹ wà á jáde wò. Bí dígí bá ń gbọ̀n, ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ tún un dè.

Ẹni tí kò bá fẹ́ lu ihò sára ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lè ra irú èyí tó ń gán mọ́ etí ilẹ̀kùn. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, bí ó bá ṣáà ti dúró gbọn-in.

Ó ku ìdánwò kan. Kí ọkọ̀ dúró, kí ẹnì kan máa rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn lápá èrò. Yóò dé ibì kan tí awakọ̀ kò ní rí i nínú dígí mọ́, tí kò sì tíì rí i lójú fèrèsé. Kí awakọ̀ mọ ibẹ̀ dájú. Ibẹ̀ ni ikú lè ba sí. Nítorí náà, bí dígí tilẹ̀ dára, ó yẹ kí a yí orí wò.

Iṣẹ́ tí mo fún yín lọ sílé nìyí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé: WO DÍGÍ. YÍ ORÍ. KÍ O TÓ YÀ. Ẹni tó ní ọkọ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ síwájú sítíárìn. Ẹni tí kò ní, kí ó kà á fún awakọ̀ tó bá gbé e lọ sí Ayétòrò. Kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, dígí apá ibí yìí dà?"

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Olúwa máa ṣọ́ wa lọ, kí ó máa ṣọ́ wa bọ̀.