Ìtọ́jú Abo Ẹja Àrọ̀

Kòkó ni a fi mọ Ìdànrè, ṣùgbọ́n ẹja ni ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Abo àrọ̀ tí a ń sìn lè gbó fún ẹyin láàárín oṣù 7 sí 12. Ẹyin a kún inú rẹ̀, síbẹ̀ kì í sábà yé é nínú adágún. Ìkún omi òjò ní í mú un yé nínú odò. Nítorí náà ni a fi ń gún un ní abẹ́rẹ́, kí a tó tẹ ẹyin jáde.

Abẹ́rẹ́ kò lè sọ ẹyin burúkú di rere. Oúnjẹ tí ìyá jẹ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ni ó wọ inú ẹyin, òun náà ni ọmọ tuntun ń jẹ fún bí ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ohunkóhun ni àrọ̀ ń jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àjẹkù ẹ̀bà a máa mú ìyá sanra lásán. Ẹja lílọ̀, kùlíkùlí àti ẹ̀wà sóyà ni kí a pò fún un.

Ẹ má sì ta abo tí ó dára jùlọ fún ọlọ́bẹ̀: gíráàmù ẹyin rẹ̀ kan lè ju ọmọ 500 lọ.