Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìwé tí mo fẹ́ tọ́ka sí jáde ní Dẹ́ńmáàkì ní 1931: ìtàn Lili Elbe, tí àwọn oníṣègùn Jámánì ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ara rẹ̀ lè bá obìnrin tí ó mọ ara rẹ̀ sí mu. Iṣẹ́ abẹ ìkẹyìn ni ó pa á ní ọdún náà.

Lóde òní, irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa yè. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kù. Kí ojú ọgbẹ́ mọ́, kí ó má gbé ẹrù wúwo, kí ó yẹra fún sìgá. Bí ọgbẹ́ bá kẹ̀ tàbí tí ibà bá dé, kí ó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé àti Lágelú, ará ilé ni í pọnmi fún ẹni tí ó ti ilé ìwòsàn dé. Ta ni yóò pọnmi fún ẹni tí kò lè sọ iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún un? Kí a bu omi ná. Ìbéèrè lè dúró.