Òru Ni Ìyá Oorun: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpara Oorun Tí A Ń Pò Nílé

    

Ọ̀rọ̀ oorun ni a gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí, ó sì bá ibi tí a wà mu. Ní agbègbè Ajah yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jí kí àkùkọ tó kọ, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ má baà dá wọn dúró. Ilẹ̀ a ti ṣú kí wọ́n tó padà wálé. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́tùn-ún, ó ń ké lósì, ìmọ́lẹ̀ fóònù sì ń tàn sí wọn lójú. Oorun kọ̀, kò wá. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń lọ hóró oògùn tí a ń pè ní melatonin, tí wọ́n ń pò ó mọ́ òrí tàbí àdín, tí wọ́n ń fi í pa àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọrùn, tí wọ́n tún ń fi í pa ọmọ wẹ́wẹ́ lára. Wọ́n ní nǹkan àdáyébá ni, wọ́n ní ìpara kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ gbé e tọ babaláwo wá pé kí ó bá wọn fi àṣẹ sí i. Kí ni kí awo wí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Melatonin kì í ṣe ewé, kì í ṣe egbò. Ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ẹran kékeré kan wà láàárín ọpọlọ, tí kò tóbi ju wóró ìrẹsì lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ojú kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ẹran yìí a bẹ̀rẹ̀ sí í tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ara a sì gbọ́ pé alẹ́ ti lẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a dáwọ́ dúró. Kì í lu ènìyàn bolẹ̀ bí ọtí. Akéde ni. Akéde ń sọ fún ìlú pé àsìkò tó, ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn. Bí ìlú bá tan iná sílẹ̀ tí ó ń lu ìlù, kí ni akéde yóò ṣe?

Oníṣègùn awọ ara kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Aaron Lerner, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n yọ ọ́ jáde láti inú ọpọlọ màlúù ní ọdún 1958. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni ó ń wádìí. Ohun tí ó rí ń mú kí awọ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a tó mọ̀ pé oorun ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lónìí, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi kẹ́míkà ṣe é. Ẹni tí ó bá lọ̀ ọ́ mọ́ òrí kò tíì sọ ọ́ di oògùn ìbílẹ̀. Òrí nìkan ni ti ìbílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó ní wákàtí tirẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ewé ń sùn lóru, a kì í já a ṣáá bí ẹni ń jalè. Ẹ wo patọnmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà: bí alẹ́ bá lẹ́, a pa ara rẹ̀ dé. Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, de Mairan, gbé irú ewé tí ń pa ara rẹ̀ dé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Ó rí i pé bí ewé náà kò tilẹ̀ rí oòrùn, ó ń ṣí ní àsìkò ọ̀sán, ó sì ń padé ní àsìkò alẹ́. Aago wà nínú ewé. Aago wà nínú ènìyàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2017, wọ́n fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Hall, Rosbash àti Young, ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí aago inú ara yìí. Oòrùn àti oorun, àmì ohùn ló yà wọ́n nínú ìwé. Bí ọ̀kan bá sì ti wọ̀, èkejì ló kàn.

N kò sọ pé melatonin kò wúlò. Àwọn dókítà ń fún arìnrìn-àjò tí ó ré òkun kọjá, tí ọ̀sán àti òru ti dàrú mọ́ lójú, wọ́n sì ń fún àwọn afọ́jú kan tí aago ara wọn ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé dókítà ni a fi ń rà á. Ní Amẹ́ríkà, orí àtẹ ni ó wà, ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀lé e: ní ọdún 2012, 8,337 ni iye ìgbà tí wọ́n ké sí àwọn tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ májèlé pé ọmọdé ti gbé melatonin mì, ní ọdún 2021, ó ti di 52,563. Ní Kánádà, àwọn olùwádìí yẹ irú ọjà yìí 31 wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2017. Ohun tí ó wà nínú òmíràn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n kọ sára páálí. Ti òmíràn ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ. Mẹ́jọ nínú wọn ní serotonin, tí wọn kò kọ sára páálí rárá. Bí ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣùwọ̀n bá ṣe báyìí, mélòó mélòó ni ẹni tí ń fi ṣíbí ìdáná pò ó?

Àwọn kan a ní, “Bàbá, ìpara lásán ni, kò wọnú.” Ẹ̀yin ọmọ awo, àwa ha lè sọ bẹ́ẹ̀ bí? Àwa tí a ń sín gbẹ́rẹ́, tí a ń fi osùn àti àdín pa abiyamọ lára, àwa ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni awọ ara. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye tí ilẹ̀kùn yẹn yóò gbà wọlé. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, ti àgbà le. Ibi tí ó bó kò rí bí ibi tí ó dán. Ẹni tí ó pò ó kò lè sọ iye tí ó wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìmọ̀ oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Asofẹ́yẹjẹ ń bẹ nínú igbó wa. Egbò rẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí kò sùn. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine láti inú ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní Íńdíà. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní in. Oògùn yìí di ohun tí gbogbo ayé fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà, kọ̀wé jáde lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lo egbò yìí.

Ògo wa ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ tí ń mú ni sùn lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó burú wá, ó sì ń mú ni bì. Nítorí náà, àwọn baba wa kì í dì í lé ènìyàn lọ́wọ́ pé kí ó máa lọ. Iwájú wọn ni aláìsàn ń gbé. Wọ́n ń wo ojú rẹ̀, wọ́n ń wo bí ó ti ń jẹun, wọ́n ń dín in kù, wọ́n ń dá a dúró. Oògùn àti ẹni tí ń ṣọ́ ọ ni wọ́n jọ ń rìn. Ìpara tí a pò nílé kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ, nítorí pé ẹni tí ó pò ó gan-an ti sùn lọ.

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́rin lé yín lọ́wọ́.

Èkíní: ẹ dá òru padà fún òru. Ẹ dín iná kù kí ẹ tó sùn, ẹ gbé fóònù jìnnà sí orí ibùsùn, kí ẹ sì máa rí oòrùn ní òwúrọ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ti sọ oorun ọ̀pọ̀ ìdílé di oorun àìjí.

Èkejì: ẹ wá ìdí rẹ̀. Gbèsè, ọ̀fọ̀, ìrora, oyún, àárẹ̀ ọkàn, gbogbo wọn ni ó lè lé oorun lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń dá Ifá kí a tó já ewé. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ìwòsàn, kí babaláwo sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi ìpara yìí pa ọmọdé, aboyún tàbí abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó fọwọ́ kan melatonin, kí ó sì sọ gbogbo àgbo tí ó ń mu fún un.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti àwa awo. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi orúkọ Ifá ta ohun tí kò kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ ewé kan, orúkọ rẹ̀, àsìkò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀. Lúlúù inú ìgò kò sí nínú ohun tí olúwo fi lé wa lọ́wọ́. Bí ó bá pa ọmọ ọlọ́mọ lára, a kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Babaláwo ni a ó sọ pé ó fún un.

Ọ̀rúnmìlà yóò jẹ́ kí a sùn, kí a jí. A kò ní sùn oorun àìjí. Ilẹ̀ yóò máa ṣú bá wa nínú ìrọ̀rùn, yóò sì máa mọ́ bá wa nínú àlàáfíà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.