Lẹ́yìn Ìsọmọlórúkọ, Ta Ló Kù Nílé?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wa bá àwọn òbí sọ ní London

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Nílé lọ́hùn-ún, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á dé. Wọn á sebẹ̀ gbígbóná, wọn á wẹ ọmọ, wọn á máa kì í bí wọ́n ti ń fi òróró pa á lára. Níbí ńkọ́? Ọjọ́ kẹjọ, ilé kún fọ́fọ́, a jẹ, a mu. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, fisà màmá kò jáde, ó ku ìyá ọmọ nìkan pẹ̀lú ọmọ tó ń ké.

Yorùbá ní orúkọ fún èyí tó le jù: àbísínwín. Ó ń ṣe bí obìnrin 1 nínú 500, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbí. Kò sùn, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Ẹ pe 999, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí kì í pariwo ló pọ̀ jù. Ó ju obìnrin 1 lọ nínú 10 tí ó ń ṣe láàárín ọdún tí wọ́n bímọ. Kò ya aṣọ, kò sá sí títì. Ó kàn ń sunkún nínú balùwẹ̀, oúnjẹ kò wù ú, ó ń wo ọmọ bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí pé kò sínwín, a ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ó ń ṣe àwọn bàbá náà o, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀mọ̀wé Edward Tronick ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ìyá bá ọmọ ọwọ́ wọn ṣeré, kí wọ́n wá dákẹ́, kí ojú wọn má mì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á na ọwọ́, á ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ kí ìyá lè dáhùn. Bí kò bá rí ìdáhùn, á yí ojú kúrò. Ojú ènìyàn ni ọmọ ń kà. Oríkì ìyá àgbà yẹn kì í ṣe eré lásán. Bí ó bá ti rẹ ìyá, kí bàbá tàbí àbúrò gbé ọmọ, kí wọ́n wo ojú rẹ̀, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ Yorùbá sí i, kò sí wàhálà.

Ìwé ìbéèrè wá ńkọ́? Ní England, health visitor máa ń wá láàárín ọjọ́ 10 sí 14, yóò tún rí yín ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ó lè fún yín ní ìwé kan tí wọ́n gbé jáde ní Edinburgh ní 1987, ìbéèrè 10, lórí bó ti ń ṣe yín láti ọjọ́ 7 sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa á máa mú ìdáhùn tó dáa jù nínú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́. Bí mo bá rí ìwé tí kò ní àbùkù kankan, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹ̀rù ló ń fà á: “Wọ́n á gba ọmọ mi.” Òfin Children Act ti 1989 ní kí káńsù ran ọmọ tó wà nínú àìní lọ́wọ́ kí ó lè dàgbà lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ewu fún un. Ẹ sọ òótọ́. Rírí GP kò gba owó, ohun yòówù tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara, ẹ béèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyí. Ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 jẹ́ 16. Bí a bá jẹ́ ènìyàn 8, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọ abọ́, ẹ gbé ọmọ, kí ìyá sùn. Ẹ má bèèrè ìdí tí ilé fi dọ̀tí. Ẹ bá a gbàdúrà bí ó bá fẹ́, èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má ní kó da oògùn dókítà nù. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àfi bí ó bá ní ó ń ṣe òun bíi kí òun pa ara òun: ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2, tàbí 999 bí ewu bá ti dé tán.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọ orúkọ tiyín náà; ẹni tó bá lè se ìrẹsì ti tó.